Fíìmù Índíà Tí Mo Gbé Sọdá Ọ̀sà

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún ní gbogbo ọdún yẹn: kí bàbá mi gbà láti kúrò ní abúlé, kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Àgbádárìgì, kí ọkàn rẹ̀ má baà dákẹ́ níbi tí kò ti sí dókítà. Mo bẹ̀bẹ̀ níbi Mísà. Mo bẹ̀bẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Mo máa ń bẹ̀bẹ̀ nígbà tí mo bá ń se oúnjẹ, títí omi ọbẹ̀ yóò fi gbẹ mọ́ mi lójú. Ọlọ́run gbọ́, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà gbọ́ kì í ṣe èyí tí mo là sílẹ̀ fún un.

Abúlé wa wà ní òdìkejì ọ̀sà, lọ́nà Tòpó, lórí ilẹ̀ tóóró kan tí ọ̀sà wà níwájú rẹ̀, tí òkun wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, níbẹ̀ ni àwọn Sístà ti kọ́ mi ní ìwé àti àdúrà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀tọ̀ ni n kò ti gbé ibẹ̀ mọ́. Kì í ṣe èmi nìkan. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa ń gun ọ̀kadà ní Sẹ̀mẹ̀, àwọn mìíràn ń bá àwọn ajẹ́ńtì sáré ẹrù ní bọ́dà, wọn kì í wálé àfi nígbà Kérésìmesì. Àwọn arúgbó ló kù, àti àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, àti ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí Fadá máa ń wá ṣe Mísà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, lábẹ́ igi àgbọn, ni ibojì àwọn ènìyàn wa wà. Ìyá mi wà níbẹ̀.

Sójà ni bàbá mi. Ó lọ sí Làìbéríà, ó mú ẹ̀mí rẹ̀ bọ̀, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kan kò bá a bọ̀ dáadáa. Sájẹ́ntì ni wọ́n ń pè é títí dòní. Àwọn méjì mìíràn tún wà ní abúlé tí wọ́n jọ ṣe sójà: ọ̀kan wa ọkọ̀ ẹrù fún àwọn ológun, èkejì jẹ́ kúùkù wọn. Awakọ̀ yẹn kò ríran jìnnà mọ́. Kúùkù sì jẹ́ Ègùn pọ́ńbélé, ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yára sọ ọ́, yóò kàn máa wo ẹnu onítọ̀hún.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀rọ ńlá kan dé sórí ọ̀sà, ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ omi fún títà. Títí dòní, n kò mọ ẹni tó ni ín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó jìnnà, a kàn ń gbọ́ ariwo rẹ̀ bí ẹni tó ń hanrun ní yàrá kejì. Nígbà tó yá, ó ń sún mọ́ wa. Bí wọ́n bá sì ti fa yanrìn ìsàlẹ̀, ilẹ̀ òkè ni yóò ya lulẹ̀ láti dí ihò náà. Àgbọn kan wó sínú omi, òmíràn tẹ̀lé e. Nígbà tí òjò ọdún náà yóò fi dá, àyè tó wà láàárín omi àti ibojì kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ mọ́. Baálẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, kí a máa retí àwọn.

Bàbá mi kò retí ẹnikẹ́ni. Lójoojúmọ́, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun àti àwọn méjì yẹn yóò lọ jókòó sí etí omi. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ bá fẹ́ fa yanrìn ní ibì kan, wọ́n ní láti so okùn ẹ̀rọ náà mọ́ àgbọn tó wà lórí ilẹ̀. Wọn yóò wọ ọkọ̀ kékeré wá so ó. Bí wọ́n bá ti padà, àwọn arúgbó mẹ́ta yìí yóò tú u. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa ni púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà, láti àwọn abúlé ọ̀sà mìíràn. Wọn yóò dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, wọn yóò béèrè ara, wọn yóò so okùn. Àwọn àgbà yóò dá wọn lóhùn, wọn yóò bi wọ́n léèrè ìyá wọn, wọn yóò tú okùn.

Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn bàbá mi ti wú, pé kò gbọdọ̀ máa jókòó sóòrùn, pé kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Mo sọ fún un. Mo máa ń sọ fún un ní gbogbo ìgbà tí mo bá sọdá.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ. Yàrá yín ti wà nílẹ̀. Mo ti ra ibùsùn tí kò ga."

"Ta ni yóò tú okùn?"

"Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ wà níbí."

Ó fi ẹnu tọ́ka sí àwọn méjì tó jókòó tì í. "Èyí kò ríran. Èyí kò gbọ́ Yorùbá tó. Èmi nìkan ni mo lè ríran, tí mo gbọ́ Yorùbá, tí mo sì lè bẹ̀rẹ̀ tú okùn."

"Bí o bá bẹ̀rẹ̀ tán," ni awakọ̀ wí, "ta ní ń fà ọ́ dìde?"

Mo wọ ọkọ̀ padà, ẹ̀yìn ń dùn mí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá tún dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni a óò tún sọ.

Bàyìí ni mo ṣe ronú kan fíìmù. Nígbà tí bàbá mi wà ní bárékè, wọ́n máa ń ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, wọn yóò máa wo fíìmù Índíà. Títí mo fi dàgbà, ó ṣì máa ń fi ẹnu kọ orin wọn láìmọ ìtumọ̀ kankan níbẹ̀. Mo rò ó pé bí mo bá lè mú un jókòó nínú ilé fún odindi ọ̀sán kan, yóò sinmi, yóò lo oògùn rẹ̀ lásìkò, inú rẹ̀ yóò sì yọ́ díẹ̀, n ó wá tún ọ̀rọ̀ lílọ gbé kalẹ̀. Mo lọ bá ọkùnrin kan lẹ́bàá ọjà tó máa ń fi fíìmù sínú fláàṣì fún ènìyàn. Mo ní kí ó fún mi ní ti Índíà, kí ó gùn, kí ó jẹ́ èyí tí àwọn àgbàlagbà yóò fẹ́.

"Ti àwọn arúgbó gan-an wà," ó ní. "Arúgbó ló kún inú ẹ̀."

Mo rò pé arúgbó tó ń fẹ́ ara wọn ni, pẹ̀lú ijó àti omijé. N kò wò ó kí n tó gbé e lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, katikíìsì, ẹni tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì, fún wa ní jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀. A gbé tẹlifíṣọ̀n sórí àpótí nínú pálọ̀ bàbá mi. Awakọ̀ àti kúùkù wá pẹ̀lú àga wọn. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní etí omi ṣèlérí pé bí ọkọ̀ ẹ̀rọ bá sún mọ́ ilẹ̀, àwọn yóò pariwo. Bàbá mi jókòó sí ibi tí ó ti lè máa wo ẹnu ọ̀nà àti tẹlifíṣọ̀n pọ̀.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Obìnrin opó kan láti abúlé orí òkè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú ńlá, ó ń wá ọ̀gá sójà tí ọmọ rẹ̀ tó ti kú ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó rí i níbi tó ti ń ṣí géètì ní ilé ìtajà ńlá kan. Irun rẹ̀ ti funfun. Àwọn jàǹdùkú fẹ́ lé abúlé opó náà kúrò nítorí ohun tó wà nínú ilẹ̀ wọn. Ọkùnrin náà bọ́ aṣọ géètì sílẹ̀, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń kó àwọn sójà tó ti darúgbó jọ.

Mo wo bàbá mi. Kò wo ẹnu ọ̀nà mọ́. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé mo ti ra ohun tí kò yẹ kí n rà.

Àwọn ọ̀rọ̀ Òyìnbó ń sáré kọjá ní ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. Èmi ń kà á, mò ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Awakọ̀ ń gbà á lẹ́nu mi, ó ń sọ ọ́ ní Ègùn fún kúùkù. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ẹnìkan bá kú nínú fíìmù náà, yóò pẹ́ díẹ̀ kí kúùkù tó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

"Ọta ìbọn yìí kì í tán ni?" bàbá mi béèrè.

"Índíà ni," awakọ̀ wí. "Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é."

"Wo bí èyí ṣe kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Ká ní abẹ́ mi ló wà ni, ǹ bá ti nà án."

"Abẹ́ ta? Ìwọ tí o sùn lẹ́nu iṣẹ́ tí ewúrẹ́ fi jẹ okùn bàtà rẹ."

Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún kúùkù, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́ fúnra rẹ̀: "Ewúrẹ́ yẹn, mo sè é. Ó dùn."

Ó dé ibì kan tí àwọn sójà arúgbó inú fíìmù ń gun àkàbà lọ sórí òrùlé. Ọ̀kan nínú wọn dúró láàárín, kò lè gòkè mọ́, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó kù kò pè é. Wọ́n yí ojú wọn sí ọ̀nà mìíràn, bí ẹni pé ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò, títí ó fi gbára jọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tí mo ní láti túmọ̀. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ni ó ń dún. Bàbá mi na ọwọ́ sí mi, mo fún un ní oògùn rẹ̀, ó gbé e mì láìjà.

Nígbà tí fíìmù fi máa parí, púpọ̀ nínú àwọn arúgbó yẹn ti kú. Àwọn ará abúlé sun òkú wọn bí àṣà ibẹ̀, ilé wọn sì wà lórí ìdúró. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni yóò bá àwọn mẹ́ta wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ńṣe ni inú bí bàbá mi, bí ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní jákujàku.

"Kò yẹ kí wọ́n kú," ó ní.

"Fíìmù ni, Bàbá."

"Àṣìṣe ni. Wọ́n jókòó síbẹ̀ de àwọn ènìyàn yẹn. Àgbà kì í jókòó de ọ̀tá. Kò lágbára tí yóò fi jà bí wọ́n bá dé. Ohun tó yẹ kí ó ṣe ni kí ọ̀tá má lè dé rárá."

Awakọ̀ pa ojú dé. "Ọ̀tá tiwa náà ń jókòó dè wá," ó ní. "Wọ́n mọ̀ pé a ti dàgbà. Wọn ò ní yìnbọn. Wọ́n kàn ń dúró kí a kú, kí wọ́n so okùn wọn."

Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ gbogbo rẹ̀ tán fún kúùkù, ó ronú sí i, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Àkájà."

Àkájà ni àwọn baba wa fi ń pẹja lórí ọ̀sà. Wọn yóò gé ẹ̀ka igi, wọn yóò gbìn ín sínú omi tí kò jìn, kí wọ́n há mọ́ ara wọn bí igbó. Ẹja yóò wá fi í ṣe ilé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹni tó gbìn ín yóò fi àwọ̀n yí i ká, yóò fa àwọn ẹ̀ka náà tu, yóò kó ẹja rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ wa ọkọ̀ wọ inú àkájà ẹlòmíràn tàbí kí ó fọwọ́ kan ẹ̀ka kan níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é, kò ní rí ẹni bá a da àwọ̀n mọ́ ní gbogbo ọ̀sà, àti òun àti ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ tí olóhun bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹ̀ka àkọ́kọ́ tu, ọjọ́ náà ni àkájà ti ṣí, ẹnikẹ́ni lè kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ, ọmọ ọ̀sà bíi tiwa, mọ òfin yìí.

Mo tún bẹ bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pé kí á lọ. Ó ní, "Lẹ́yìn àkájà." Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn yàtọ̀ sí rárá lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà mo gbà á bí ẹni gba àánú.

Gbogbo abúlé gé ẹ̀ka. Èmi náà gé. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń sọdá pẹ̀lú àdá, ọwọ́ mi ń bó, ní ọjọ́ Ajé n kò lè di ṣọ́ọ̀kì mú dáadáa níwájú àwọn ọmọ kíláàsì. Àwọn arúgbó mẹ́ta náà wọ inú omi dé ìbàdí, wọ́n ń gbin ẹ̀ka. Bí mo bá sọ pé kí bàbá mi jáde, yóò ní omi kò wúwo. Kúùkù, tí baba rẹ̀ jẹ́ apẹja, ló ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tí wọn yóò gbin ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sí.

Apẹja máa ń fi ọ̀nà sílẹ̀ nínú àkájà rẹ̀ kí ọkọ̀ òun fúnra rẹ̀ lè wọlé. Àwọn tiwa kò fi ọ̀nà sílẹ̀. Wọ́n gbìn ín bí sójà ṣe ń dí ojú ọ̀nà ọ̀tá, láti ìpẹ̀kun ilẹ̀ wa kan dé ìpẹ̀kun kejì. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ní láti rìn nínú yanrìn lọ sí ọ̀nà jíjìn, níbi tí igbó etí omi bẹ̀rẹ̀. Baálẹ̀ bínú. Ó ní àwọn obìnrin ń gbé ẹja wọn rìn jù. Bàbá mi dá a lóhùn pé odi tó ní ilẹ̀kùn kì í ṣe odi, pé kí wọ́n mú sùúrù.

Ó sì ṣiṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ wá pẹ̀lú okùn wọn, wọ́n dúró lẹ́yìn àwọn ẹ̀ka náà.

"Ẹ ti gbin àkájà, Bàbá."

"A ti gbìn ín."

"Ta ló ni ín?"

"Gbogbo wa."

Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n kí wa, wọ́n padà. Ilẹ̀ wa kò ya lulẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò lọ. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó dúró síbẹ̀ ní ojú wa, ó ń wò wá. Bàbá mi sì ní òun kò lè lọ nígbà tí ó ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tí Fadá wá ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Mísà ti parí, Fadá ti bá tirẹ̀ lọ. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó ní kí n jẹ́ kí òun jókòó díẹ̀ sí i. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, aṣọ rẹ̀ ti tutù fún òógùn. Ó ń mí kúkurú, ó fi ọwọ́ di àyà mú, kò sì fẹ́ kí n rí i.

A pe ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì kan lórí fóònù, kò pẹ́ tí ó fi dé. Ṣùgbọ́n àkájà wà láàárín rẹ̀ àti wa. Ibi igbó etí omi jìnnà jù láti gbé aláìsàn rìn dé nínú yanrìn, omi ibẹ̀ sì ti fà lọ́sàn-án yẹn, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì kò lè sún mọ́ ilẹ̀. Ọlọ́kọ̀ dúró lóde àwọn ẹ̀ka náà, ó pa ẹ́ńjìnì rẹ̀.

"Ẹ fa díẹ̀ tu kí n wọlé," ó ní.

Awakọ̀ ti di ẹ̀ka kan mú. Bàbá mi, tí a ti gbé jáde pẹ̀lú bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ rẹ̀, gbé orí sókè.

"Má fọwọ́ kàn án."

"Sájẹ́ntì, má ṣe wèrè."

"Wọ́n ń wò wá láti orí ẹ̀rọ. Bí a bá fi ọwọ́ ara wa fà á tu, kò sí àkájà mọ́. Lọ́la wọ́n á ti so okùn."

Èmi kò fẹ́ gbọ́. Kí Ọlọ́run forí jì mí, ní wákàtí yẹn, bí gbogbo ilẹ̀ náà bá fẹ́ wọ inú ọ̀sà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì àti ibojì, kí ó wọ̀ ọ́, kí n ṣáà gbé bàbá mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo wọ inú omi pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo di ẹ̀ka kan mú. Bàbá mi kò pariwo mọ́ mi. Ó wo ọ̀nà ibojì.

"Ìyá rẹ wà níbẹ̀ yẹn," ó ní.

Kúùkù ń sọ nǹkan ní Ègùn, ó ń sọ ọ́ léraléra, ó ń fi ọwọ́ lu bẹ́ǹṣì. Awakọ̀ yíjú sí mi. "Ó ní a ò ní fa nǹkan kan tu. Ó ní a máa gbé e kọjá."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é. Kúùkù di iwájú bẹ́ǹṣì mú, ó gbé e lé èjìká. Awakọ̀ di ẹ̀yìn mú. Èmi àti àwọn obìnrin mú ẹ̀gbẹ́. A wọ inú àkájà. Kúùkù ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà láàárín àwọn ẹ̀ka tí òun fúnra rẹ̀ gbìn, yóò yà sọ́tùn-ún, yóò dúró, yóò yà sósì. Omi dé ìbàdí wa. Igi ń ya aṣọ, ó ń fa ara wa ya. Bàbá mi dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó di etí bẹ́ǹṣì méjèèjì mú, ojú rẹ̀ ń wo òkè. Ní àárín, awakọ̀ kò lè rìn mọ́. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Gbogbo wa dúró, a ń wo omi, kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀, títí ó fi ní, "Ó yá."

A kò mọ ìgbà tí ariwo ẹ̀rọ dákẹ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ méjì ti wa ọkọ̀ kékeré dé etí àkájà, wọ́n dúró lóde, wọ́n na ọwọ́ sí wa.

"Ẹ má wọlé o," bàbá mi wí fún wọn.

"A ò wọlé, Bàbá. A wà níta."

Wọ́n gba bẹ́ǹṣì náà lọ́wọ́ wa, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì pẹ̀lú ìrọ̀rùn, bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tí a ṣí lọ, mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹ̀ka kan tó ṣubú. Kúùkù ń tọ ọ̀nà padà, awakọ̀ sì di èjìká rẹ̀ mú.

Ọlọ́run dá a sí. N ó máa dúpẹ́ títí n ó fi kú. Dókítà ní ká ní a pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀, ó sì ní kò gbọdọ̀ padà sí òdìkejì omi. Nígbà tí ó kúrò ní ọsibítù, mo gbé e wá sí yàrá tí mo ti tọ́jú fún un, lórí ibùsùn tí kò ga. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ti dé ọwọ́ mi. Mo san ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ fún Ọlọ́run níbi Mísà.

Ṣùgbọ́n kò sùn. Ní kùtùkùtù, n ó bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ bàtà, ó ti di fìlà mọ́rí, ó jókòó bí ẹni tí ọkọ̀ yóò wá gbé. "Ta ló wà níbẹ̀ lónìí?" ni yóò bi mí. Òtútù omi ọjọ́ yẹn ti mú awakọ̀, ó ń wúkọ́. Kúùkù nìkan ló kù. Àkájà sì ń fẹ́ àtúnṣe, nítorí omi máa ń gbé ẹ̀ka lọ, àkájà tí a kò tún ṣe kì í pẹ́ di igi lásán lójú àwọn ènìyàn. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ó ń ga sí i. Ó bi mí bóyá nǹkan kan wà tó ń dà á láàmú nínú ilé. Mo ní kò sí. Nínú ilé, kò sí.

Ní ọjọ́ kan mo jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, kí ni kí n ṣe kí ẹ lè dùbúlẹ̀?"

Ó ronú sí i. "Ọmọ sójà ni ọ́."

"Tíṣà ni mí."

"Tíṣà náà ní ẹsẹ̀. Gba ipò mi."

Mo ronú nípa ilé ìwé, nípa ọkọ̀ àárọ̀, nípa oòrùn. Mo rò ó pé mo ti ṣe gbogbo èyí kí n lè kó ẹsẹ̀ wa méjèèjì kúrò ní etí omi yẹn. Mo wá ní kò burú, ní àwọn ọjọ́ tí ilé ìwé kò bá sí, bí ó bá lè ṣèlérí pé òun kò ní wọ bàtà mọ́. Ó na ẹsẹ̀ sí mi kí n bọ́ bàtà náà.

Èmi àti kúùkù la jọ ń ṣe é nísinsìnyí. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Ègùn mi kò dára ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Èmi gé ẹ̀ka, òun wá àyè rẹ̀, èmi gbìn ín. Bí oòrùn bá mú jù, ó máa ń fún mi ní ẹja yíyan, á sì dúró kí n jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀rọ náà ṣì wà níbẹ̀. Ìjọba ṣì ní kí a máa retí àwọn.

Nígbà tí mo bá padà délé ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi yóò ti dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ yóò là. Yóò ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń sọ ẹ̀ka tó ṣubú àti ibi tó ti ṣubú, ẹni tó kọjá lójú omi àti ohun tí ó wí, bí awakọ̀ ṣe ń wúkọ́ sí. Ó máa ń dá mi dúró, ó máa ń tún mi bi, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Díẹ̀díẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ yóò dínkù. Lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń sùn kí n tó sọ̀rọ̀ dé ọ̀sán. Mo máa ń jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ mi ṣì tutù, mo ń sọ ìyókù tán ní ohùn kẹ́lẹ́, bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ó ṣì ń gbọ́.